Ẹ Jẹ́ Kó Dákẹ́ Díẹ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Alágbàfọ̀ máa rí ọkùnrin náà, orí àtẹ̀gùn ló kúnlẹ̀ sí. Ó gbé etí lé irin tí wọ́n ń dì mú gòkè bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún, ó sì ń fi ìdí pẹ́ńsùlù kan irin náà: kọ́, kọ́-kọ́, kọ́. Òjò ti pa á. Ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, omi ń kán láti orí rẹ̀ sórí ìwé tó há mọ́ abíyá, kò sì jọ pé ó mọ̀.

Ìsàlẹ̀ ni obìnrin náà, Alágbàfọ̀, wà. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, ooru áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára ọwọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá kí ọkùnrin náà, tàbí kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Alágbàfọ̀ kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó yọ ọ̀pá ìlù kan nínú báàgì rẹ̀, ó sì kan irin yẹn padà láti ìsàlẹ̀: kọ́-kọ́, kọ́.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ta ló bi yín ní nǹkan?" Ó fẹ́ lejú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dé ẹnu rẹ̀.

"Mo gbọ́ kọ́-kọ́, mo dáhùn ni."

"Ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ó rò ó wò, ó ní òun kò tíì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé etí lé e. Báyìí ni wọ́n ṣe jọ gòkè, tí obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín sínú, tí ọkùnrin náà sì ń gbọn omi orí rẹ̀ dànù. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ìfẹ́ ti wọ obìnrin náà lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kò tíì débẹ̀.

Yàrá kan ní òkè pátápátá iléèwé àtijọ́ kan ni ẹgbẹ́ wọn ti ń pàdé nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, ohun lílù nìkan ni wọ́n sì ń lù. Kò sí fèrè, kò sí ẹni tó ń kọrin. Nọ́ọ̀sì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó máa ń lu ìlù ńlá bí ẹni pé ìlù ọ̀hún ló mú un bínú níbi iṣẹ́. Dírẹ́bà, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé, ló ń lu agogo àti àwo irin. Alágbàfọ̀, tó ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ láti àárọ̀ dọ́jọ́rọ̀, ló ni màrímbà, igi gbọọrọ-gbọọrọ tí wọ́n tò sórí férémù, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí lù. Ẹni kẹrin wọn ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọkùnrin tó wá láti orí àtẹ̀gùn yìí, tí wọ́n sọ ní Pẹ́ńsùlù lọ́jọ́ náà gan-an, ló wá rọ́pò rẹ̀ níbi àwọn ìlù kéékèèké. Ó mú orin tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ dání. Wọ́n ní eré kan níwájú, ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ìgboro, orin náà ni wọ́n sì máa lù níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bi í pé kí lorúkọ orin. Ó ní kò lórúkọ. Ó ní nǹkan kan ló ṣe òun tí òun fi kọ ọ́, òun kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pe nǹkan náà.

"Ìbànújẹ́ ni," Dírẹ́bà sọ.

"Ìbànújẹ́ kọ́."

"Àárò ló ń sọ ẹ́," Nọ́ọ̀sì sọ, bí ẹni tó ń sọ àìsàn tó ń ṣe èèyàn fún un.

"Àárò ta ni, Àǹtí? Kò sẹ́ni tó fi mí sílẹ̀."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun rí ọkùnrin kan tó ru jígí ńlá kọjá ní títì. Ojú ọ̀run wà nínú jígí náà, ẹyẹ kan sì bà lé e, ó ń bá àwòrán ara rẹ̀ jà, ẹlẹ́rù ò sì mọ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa òun. Òun yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ pé wò ó, kò sì sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀.

"Kì í ṣe pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá lọ," ó ní. "Kò tíì sẹ́ni tó dúró síbẹ̀ rí. Síbẹ̀ mo yíjú sí i, bí ẹni pé ó wà. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

Dírẹ́bà ń họ orí. Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ọ̀pá ìlù rẹ̀ tò, torí pé omi ti dé ojú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ṣé ẹ rí i, baba rẹ̀ nìkan ló wà nílé tó ń padà sí lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni baba náà ti dákẹ́. Kò ṣàìsàn, kò bínú, ó kàn dákẹ́ ni. Télọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti ìsinsìnyí pọ̀ jù fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ á gbé tíì síwájú rẹ̀, á ní, "Bàbá, ṣé ó gbóná dáadáa?" Kí baba tó mí, á ti fúnra rẹ̀ dáhùn pé ó gbóná, òun mọ̀ pé ó gbóná. Á bi í bóyá ó sùn dáadáa, á ní ó sùn. Á bi í bóyá kí òun ṣí fèrèsé, á ní rárá, atẹ́gùn ti pọ̀ jù, á sì pa á dé. Òun nìkan ló ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Tó bá wọ yàrá rẹ̀ tán, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo inú rẹ̀ á sì ṣófo. Ó dá wà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé, ìyẹn gan-an ló sì le jù.

Ibì kan wà láàárín orin Pẹ́ńsùlù. Tí wọ́n bá débẹ̀, ẹnì kan á lu gbólóhùn kúkurú kan, á wá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu. Ẹni tó yíjú sí á gbé ọ̀pá sókè bí ẹni tó fẹ́ dáhùn, kò sì ní lù ú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lu nǹkan kan. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀, yàrá á pa rọ́rọ́, títí Nọ́ọ̀sì á fi mí kanlẹ̀ tí ìlù ńlá á sì wọlé. Alágbàfọ̀ ni Pẹ́ńsùlù máa ń yíjú sí.

Alágbàfọ̀ sì lù ú. Ó tọrọ gáfárà, ó ní ọwọ́ òun ló yọ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún lù ú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Pẹ́ńsùlù lu tirẹ̀, ó yíjú sí i, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé, obìnrin yìí sì tún dáhùn. Èsì náà dùn, ó sì tọ́, àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí nínú ìwé. Dírẹ́bà ní kí wọ́n bá òun wá okùn kí àwọn fi dè é lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ eré, orin ti bàjẹ́ nìyẹn, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

"Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀," Pẹ́ńsùlù sọ fún un, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní tí kò bá ni í lára, kí àwọn méjèèjì máa ṣáájú àwọn tó kù dé, kí àwọn máa fi ibẹ̀ nìkan dánra wò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Ọkùnrin á lu gbólóhùn rẹ̀, obìnrin á gbé ọ̀pá sókè, wọ́n á sì máa wo ara wọn. Ẹ dán an wò nílé yín, kí ẹ máa wo ojú èèyàn láìsọ nǹkan kan, ẹ ó rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bà á jẹ́ fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ Alágbàfọ̀ tún bà á jẹ́. Níkẹyìn ni Pẹ́ńsùlù wá bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù níbẹ̀ gan-an.

Ó rọra sọ ọ́. Ó sọ nípa ilé wọn, nípa tíì àti fèrèsé, àti bí òun ṣe ń bá baba òun dáhùn gbogbo nǹkan. "Tí ibì kan bá ti dákẹ́ báyìí," ó ní, "ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú níbẹ̀ ni."

Pẹ́ńsùlù kò kí i ní pẹ̀lẹ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ màrímbà. "Bó ti wù kó dákẹ́ tó, èmi ni mo wà lápá kejì," ó ní. "Èmi ò sì tíì kú."

Lọ́jọ́ náà ni ọwọ́ Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ dúró sókè. Ó gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀. Ó gbọ́ èémí ọkùnrin náà, ó gbọ́ ti ara rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ̀pá kalẹ̀, Pẹ́ńsùlù di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ẹ lè wá bi mí báyìí. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Pẹ́ńsùlù bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Èsì, òun náà sì ń pè é ní Bàbá Dákẹ́. Tí ọkùnrin náà bá yọ lójú fèrèsé ilé ìfọṣọ lọ́sàn-án, obìnrin náà á ní kó bọ́ ẹ̀wù yẹn kí òun bá a lọ̀ ọ́, torí pé ojú ń ti òun láti máa fẹ́ ẹni tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ rún tó báyẹn.

"Jẹ́ kó rún bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́ mi," á ní, "kí n lè rí ohun tí màá tún bá wá lọ́la."

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ dé fún Pẹ́ńsùlù. Iléèwé orin kan ní ìlú tó jìnnà réré ní kó wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kété tí eré wọn bá ti parí ló sì máa lọ. Kò fi pa mọ́. Ó dúró níwájú tábìlì tí obìnrin náà ti ń lọ aṣọ, ó ní òun kò fẹ́ dá lọ. "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ," ó ní. "Tó o bá gbà, màá wá kí Bàbá lọ́jọ́ Sátidé."

Ó gbà. Àfi ìgbà tó gbà tán tí ẹ̀rù wá bà á.

Ọjọ́ Sátidé pé, Pẹ́ńsùlù dé. Alágbàfọ̀ ti gbálẹ̀ gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán. Baba jókòó sórí àga rẹ̀. Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó kí i, ó sọ irú ẹni tóun jẹ́, ó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ lọ ṣe àti ibi tó wà, ó sì ní òun wá tọrọ ọmọ wọn ni. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ojú baba, ó ń dúró.

Baba wò ó. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

Alágbàfọ̀ kò lè fara dà á. Gbogbo ohun tó kọ́ nínú yàrá òkè yẹn fò lọ lórí rẹ̀. Ohun tó ń rí ni baba rẹ̀ lórí àga yẹn, tí òun ti lọ sọ́nà jíjìn, tí kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá tíì gbóná. "Bàbá ní inú àwọn dùn láti rí ẹ," ó sọ ọ́ kíákíá, "ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí n lọ síbi tó jìn tó báyẹn. Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Wọ́n ní kó o má bínú."

Pẹ́ńsùlù kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Baba ló ṣì ń wò. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Alágbàfọ̀ dáhùn. Baba sì pa ẹnu dé.

Lẹ́nu ọ̀nà, Pẹ́ńsùlù ní òun kò gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá, ẹnu obìnrin náà ni òun ti gbọ́ ọ. Kò gbóhùn sókè, kò lejú, ì bá sì sàn kó tiẹ̀ bínú. Ó gba títì lọ. Obìnrin náà padà wọlé, ó ní, "Bàbá, ẹ ò bínú, àbí? Ẹ ò bínú," ó sì lọ fọ ife.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e burú fún un. Òun àti Pẹ́ńsùlù kò ṣáájú ẹnikẹ́ni dé mọ́, wọ́n sì ń kí ara wọn bí ẹni tó pàdé lórí ìlà ní báńkì. Kódà Dírẹ́bà kò dá àpárá mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ológbò já bọ́ láti inú ẹrù aṣọ tí oníbàárà kan gbé wá, ó sì ń wo gbogbo wọn tìbínú-tìbínú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí fèrèsé. Kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sunkún sórí aṣọ aláṣọ.

Tó bá lọ, baba rẹ̀ á dá wà nínú ilé tó dákẹ́ báyẹn. Tí kò bá lọ, òun á pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó tíì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun rí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí èyí tó ṣeé gbé mì nínú méjèèjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni eré náà bọ́ sí. Àwọn èèyàn jókòó sáàárín pẹpẹ ìwé nílé ìkàwé. Nígbà tí Alágbàfọ̀ dúró sẹ́yìn màrímbà tó gbójú sókè, ó rí baba rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbọ́ nípa eré náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde nílé tó wá.

Wọ́n lù ú títí wọ́n fi débi tó ń bani lẹ́rù. Pẹ́ńsùlù lu gbólóhùn rẹ̀, ó sì yíjú sí i, kò sì tíì wo ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọ̀pá Alágbàfọ̀ lọ sókè. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ lù ú, kó lè sọ fún un níwájú gbogbo ayé pé irọ́ ni òun pa, pé òun ń bọ̀. Kò lù ú. Ó dúró. Nínú ìdúró yẹn ló ti rántí bí ẹnu baba rẹ̀ ṣe là díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Òun gan-an ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ìlù ńlá wọlé, omi sì ń dà lójú Alágbàfọ̀ bó ṣe ń lu tirẹ̀ lọ.

Baba àti ọmọ jọ rìn padà sílé ni. Ó se tíì, ó gbé e síwájú baba, kò bi í bóyá ó gbóná. Ó jókòó dojú kọ ọ́. "Bàbá," ó ní, "kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn wá?"

Ó pa ẹnu mọ́. Baba wo ife, ó wo ògiri. Èsì rọ́ dé ẹnu Alágbàfọ̀ bí ìgbà gbogbo, ó gbé e mì. Tíì ń tutù. Ìta ń ṣókùnkùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì dìde lọ tan iná.

"Mo fẹ́ bi í bóyá ó ti jẹun," baba sọ.

Ọmọ rẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn.

"Ojú ẹ̀ jọ tẹni tí ò tíì jẹun."

"Ẹ ò kọ̀, Bàbá?"

Baba tún pẹ́ kó tó dáhùn. "Ìwọ lo sọ pé mo kọ̀. Mo rò pé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni, tó o wá fẹ́ fi mí bojú. Mo ní kò burú, kó o fi mí bojú."

Ọmọ fi ẹ̀kún bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́ láti ìgbà tí ìyá òun ti lọ. Baba ní òun kò dákẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ òun ló máa ń pẹ́ kó tó jáde, ìyá rẹ̀ sì máa ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ, kí òun tó rí ọ̀rọ̀ náà mú, ọmọ ti dáhùn, ó sì dáhùn dáadáa. Ó ní òun rò pé bó ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ nìyẹn, òun kò sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tí mo bá bá a lọ," Alágbàfọ̀ sọ, "ẹ máa dá wà." Ó sì tún dúró.

"Màá dá wà," baba sọ. Kò fi bò fún un. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o bá mi dá wà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilé ìfọṣọ tó ṣí, Alágbàfọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá Pẹ́ńsùlù. Ọkùnrin náà ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó ń fi okùn so àpótí ìlù. Alágbàfọ̀ kò jókòó, kò sì jẹ́ kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Irọ́ ni mo pa mọ́ Bàbá," ó ní. "Èmi ni ẹ̀rù bà. Mo fẹ́ ẹ, mo sì fẹ́ bá ẹ lọ, tó o bá ṣì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nínú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti là kọjá, kò sí èyí tó burú tó ìyẹn. Pẹ́ńsùlù tú okùn tó ń so, ó tún un so. Obìnrin náà rí i pé ó ṣeé ṣe kó sọ pé rárá, kò sì sá, kò bá a dáhùn.

"Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn," Pẹ́ńsùlù sọ níkẹyìn.

"Mo mọ̀."

"Má gba ẹnu mi sọ̀rọ̀ láéláé bó o ṣe gba ẹnu Bàbá. Kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ dáadáa."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó ju okùn sílẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun fẹ́ ẹ, òun kò sì dẹ́kun àtifẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan péré. Ó fà á mọ́ra, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sì rún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pẹ́ńsùlù lọ síbi iṣẹ́, ó padà wá nígbà ìsinmi, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní kóòtù. Nọ́ọ̀sì wá tòun taṣọ iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni Dírẹ́bà fi gbé gbogbo wọn, tí orúnkún ìyàwó àti ọkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn lórí ìjókòó kékeré. Baba kọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ títí ọkọ̀ fi fẹ́ gbéra, kò sì sọ nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ náà kò bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ wọn ní ìlú kejì, Alágbàfọ̀ pe baba rẹ̀ lórí fóònù. Ó kí i, ó bi í pé ilé ńkọ́, ó sì fi fóònù sétí láìsọ nǹkan mìíràn. Ọkọ rẹ̀, tó ń fọ abọ́, ti omi ẹ̀rọ pa.

"Ilé dákẹ́," baba sọ.

Ọkàn obìnrin náà bàjẹ́. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ó fẹ́ ní òun ń bọ̀ wálé lọ́la. Ó ṣe sùúrù. Ó gbọ́ tí baba ń mí lápá kejì, tó ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. Lẹ́yìn náà ni baba sọ pé òun ti ṣí fèrèsé o, òun sì fẹ́ràn atẹ́gùn, ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó sọ nípa aládùúgbò tó ń kun ilé. Ó tún dákẹ́, wọ́n tún dúró dè é. Nígbà tó máa padà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìyá Alágbàfọ̀ ló mú bọ ẹnu, ohun tó wọ̀ lọ́jọ́ tó wá gba aṣọ rẹ̀ tí òun kò tíì rán tán, bí kò ṣe bínú, tó fa àga tó jókòó, tó ní òun á dúró. Ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó sì gbé fóònù náà sáàárín etí àwọn méjèèjì. Baba ń sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.